Ọwọ́ Àlàní Lórí Páálí Àwo

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Àlàní, àwọn ènìyàn ti sọ ọ́ di arúgbó, wọ́n ti fọ́ ọ lójú, wọ́n sì ti fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́. Òun náà sì jókòó síbẹ̀ láàárín wọn, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, lọ́dún 1956, ní ìsọ̀ ọkọ ọ̀rẹ́ mi Sìkírátù ní Òkókómáíkò. Ọkọ rẹ̀ ń ta kẹrosíìnì, ṣúgà àti àwo orin, ó sì ní giramafóònù kan tó fi ń pe oníbàárà. Mo ti Ọ̀jọ́ rìn wá dá ìwé padà fún ìyàwó tíṣà. Obìnrin náà ló máa ń yá mi ní ìwé ìtàn, nítorí ìwé kejì péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ìyókù, ìwé àyálò ni mo fi kọ́ ara mi.

Nígbà náà, inú bébà rúsúrúsú kan tó ní ihò láàárín ni wọ́n máa ń kó àwo sí. Inú ihò yẹn ni wàá ti rí orúkọ akọrin. Ojú rẹ̀ kò sí níbì kankan. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ojú fún un.

"Afọ́jú ni," ni bàbá kan tó ń ra kẹrosíìnì wí. "Ẹni tó ń ríran kì í mí kanlẹ̀ báyìí nínú orin."

"Arúgbó ni, bàbá," ni obìnrin kan fèsì. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń pe ọmọ? Tirẹ̀ á ti tó mẹ́wàá."

"Ẹ̀yin ẹ máa lọ," ni ẹlòmíràn wí. "Alágbe ni. Mo ti rí i rí l'Ékòó pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Ó tiẹ̀ jẹ mí ní àdúrà kan."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́bàá ilẹ̀kùn náà rẹ́rìn-ín. Sìkírátù wá kọjú sí mi.

"Ọmọ́yẹlé, ìwọ tí o máa ń kàwé bí ẹni jẹ iyán, wá sọ tìrẹ."

N kò mọ̀ bí ẹnu mi ṣe là. "Kì í ṣe arúgbó," ni mo wí. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dúró díẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé kó má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì ga. Bí wọ́n bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á dùn ún."

Ẹ̀pà há ọkùnrin náà lọ́fun. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dìde, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ọkọ Sìkírátù gbá a lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Àlàní, ó ti mú ọ! Ẹ̀yin èèyàn, akọrin tí ẹ ń pè ní afọ́jú rèé o. Àlàní ará Ìbà!"

Bàbá tó ń ra kẹrosíìnì wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ?" ló wí, bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yọ́ jáde, Àlàní tẹ̀lé mi dé oríta tí ọ̀nà Ọ̀jọ́ ti yà. Mo rí i pé àpá kékeré kan wà lábẹ́ ojú òsì rẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, igi ló ta sí i.

"Láti ìgbà tí mo ti ṣe àwo yẹn," ló wí, "mo ti fọ́jú ní ìlú mẹ́ta. Ìwọ nìkan lo là mí lójú."

"Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tó fi dùn mọ́ mi."

Mo rìn délé lọ́jọ́ náà, mo kọjá ilé wa láìmọ̀, ìyá mi ló pè mí padà.

*

Bàbá mi ni olórí àwọn ọlọ́kọ̀ ní èbúté Ọ̀jọ́. Akíntọ́lá lorúkọ wọn. Bí ọkọ̀ kan bá ń ti Èkó bọ̀ lórí ọ̀sà, kó tó di pé àwa rí i, wọn á ti mọ ẹni tó ń wà á láti ara bí àjẹ̀ ṣe ń bọ omi. Wọn kì í pariwo. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Sìkírátù ni alárinà wa. Yóò gbé agbọ̀n lérí bí ẹni wá ra ẹja, yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí ààrò, yóò máa sọ̀rọ̀ ẹja sókè, yóò sì máa sọ̀rọ̀ Àlàní nísàlẹ̀.

"Ẹja yìí mà tóbi o! Ó ní òun kò lè sùn. Èló lẹ ní? Ó ní òun ti kọ́ ilé sí apá ilẹ̀ bàbá òun ní Ìbà, yàrá méjì, òun fúnra òun ló kan ilẹ̀kùn. Ẹ dín in kù, jàre! Ọmọ́yẹlé, bí o kò bá fẹ́ ẹ, sọ fún mi kí n lọ fi ọkọ mi sílẹ̀."

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá bàbá mi gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, ó kúnlẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn ògiri.

"Ọmọ ta ni?" ni bàbá mi béèrè.

"Ọmọ Ìbà ni, bàbá. Ilé ire ni. Ó ń ṣe káfíńtà, ó sì…"

"Ó sì kí ni?"

"Ó sì ń ta gìtá, bàbá."

"Alágbe."

"Bàbá, kì í tọrọ o."

"Sìkírátù, ẹni tó ní láti yin èèyàn kó tó jẹun, kí ni wọ́n ń pè é? Ṣé kí àna mi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀, kó máa ki mí, kí n wá fún un lẹ́kọ? Ṣé bí ọmọ mi bá bímọ, kí wọ́n gbé igbá orin lé e lọ́wọ́?"

"Bàbá Ọmọ́yẹlé, ẹ rọra," ni ìyá mi wí.

"Mo ti rọra. Bí mi ò bá rọra, mi ò ní dá a lóhùn."

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí ọ̀rọ̀ wa fi wà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé tí mo máa ń yá, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ bá kọ̀ fún a máa sá lọ ní ojú ewé kẹwàá. Èmi kò lè sá. Mo fẹ́ràn bàbá mi. Mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, kí wọ́n sì gbé orí sókè nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń bi ara mi bóyá ohùn àwo kan ni mo ń fẹ́, tí mo sì ti fi ọwọ́ ara mi mọ ojú fún òun náà.

*

Lọ́dún 1958, Sìkírátù dé láìgbé agbọ̀n. Ó ní ilé iṣẹ́ àwo kan ní Èkó fẹ́ ṣe àwo ńlá fún Àlàní, orin mẹ́jọ lórí ẹyọ kan, wọ́n á sì fi sínú páálí líle tí wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sí gàdàgbà. Irú rẹ̀ kò pọ̀ nígbà náà. Ó sọ ọ́ sétígbọ̀ọ́ bàbá mi.

Bàbá mi yíjú sí i. "Wọ́n á ya àwòrán rẹ̀ sí i?"

"Ojú rẹ̀ kedere, bàbá."

"Ó dáa. Ohùn lè tan èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n rí irú ẹni tó fẹ́ kí ayé mọ òun sí. Bó bá jọ ọmọ ilé ire lójú mi, kí àwọn ará Ìbà wá kí mi. Bó bá jọ alágbe, ẹ má dárúkọ rẹ̀ nílé yìí mọ́."

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi ṣe di ọ̀rọ̀ páálí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, èmi àti Àlàní pàdé ní ẹ̀yìnkùlé Sìkírátù. Nígbà náà mo ti ń pè é ní ìwọ tí kò bá sí àgbà nítòsí.

"Akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà ní kí n bọ́ ẹ̀wù," ló wí. "Ó ní kí n jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, kí n ró màrìwò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn òyìnbó ṣe máa rà á."

"Ìwọ wá ní kí ni?"

"Mo ní ìyá mi ṣì wà láyé."

Mo rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n fẹ́ kí n wọ kóòtù, kí n fẹ̀yìn ti mọ́tò lọ́yà kan ní Èkó. Wọ́n ní dẹ́rẹ́bà rẹ̀ á jẹ́ kí a lò ó ní wákàtí kan tí ọ̀gá rẹ̀ bá wà ní ilé ẹjọ́."

"Bí wọ́n bá rí ọ pẹ̀lú mọ́tò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á béèrè ni pé ta ló ni ín. Àlàní, mo yá ìwé kan rí tí wọ́n ya obìnrin arẹwà kan sí iwájú rẹ̀. Mo kà á dé òpin, n kò pàdé obìnrin náà. Inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwòrán iwájú, ìlérí ni. Má ṣèlérí mọ́tò."

"Kí ni kí n wá ṣèlérí?"

Ohun tí mo ti ń rò láti ọjọ́ tí bàbá mi ti sọ̀rọ̀ ni mo wá gbé jáde. Mo sọ fún un nípa àṣà èbúté wa. Ẹni tó bá ń ti orí omi bọ̀, kí ọkọ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀, a gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí àwọn àgbà tó jókòó sábẹ́ igi. Ìyẹn ni pé àlàáfíà lòun bá wá, ilé òun kò sì bàjẹ́ lẹ́yìn òun. Àwọn àgbà náà á dáhùn. Ẹni tí kò bá gbé ọwọ́, wọn kò ní dá a lóhùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́lá.

"Dúró sínú ọkọ̀," ni mo wí. "Wọ bùbá àti fìlà tìrẹ, gbé gìtá kọ́rùn, gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè sí Ọ̀jọ́. Ẹni tó bá rí ọ nínú mọ́tò á béèrè ẹni tó ni mọ́tò. Kò sẹ́ni tó máa béèrè ẹni tó ni omi."

Àlàní wò mí fún ìgbà díẹ̀, bó ṣe máa ń dúró nínú orin.

"Ọmọ́yẹlé," ló wí, "bí bàbá rẹ kò bá fi ọ́ fún mi, orin wo ni mo tún fẹ́ kọ?"

*

Wàhábì Fọ́tò ló ya àwòrán náà ní èbúté wa, ní àárọ̀ tí ọ̀sà dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá mi wà lórí omi lọ́jọ́ náà. Ọkọ Sìkírátù yá wa ní ọkọ̀ tó fi ń kó ọjà láti Èkó, tí wọ́n kọ SÙÚRÙ LÈRÈ sí lára. Èmi àti Sìkírátù dúró lẹ́yìn Wàhábì bí àwọn tó kàn ń kọjá lọ.

"Má mì!" ni Wàhábì ń pariwo lábẹ́ aṣọ dúdú rẹ̀.

"Èmi kọ́ ló ń mì, omi ni!"

"Sọ fún omi kó má mì! Ṣé òun ni mo wá yà ni?"

"Sọ fún un kó gbé àgbọ̀n sókè," ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́ fún Sìkírátù.

"Gbé àgbọ̀n sókè!" ni Sìkírátù kígbe.

"Sọ fún un kó má rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ni, kì í ṣe ẹni tó ń tajà."

"Ó ní… mo ní kí o má rẹ́rìn-ín jù!"

Wàhábì yọrí jáde lábẹ́ aṣọ. "Obìnrin yìí, ta ni nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń ya fọ́tò yìí gan-an?"

Àlàní gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Oòrùn bọ́ sí i lójú. Mo fi ojú ara mi rí i, mo sì gbéra ga nínú ọkàn mi bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ lórí pèpele. Wọ́n kó fíìmù náà lọ sí Èkó, Èkó kó o lọ sí ìlú òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń tẹ páálí.

*

Oṣù márùn-ún ni a fi dúró. Ọjọ́ tí páálí àkọ́kọ́ dé sí ìsọ̀ ní Òkókómáíkò, Àlàní ti lọ ṣeré ní Àgbádárìgì, kò tíì rí i. Sìkírátù dì í sínú ìborùn bí ọmọ tuntun, ó sì gbé e wá sí Ọ̀jọ́.

Ó dán. Omi rẹ̀ jọ omi. Orúkọ Àlàní wà lókè pẹ̀lú lẹ́tà pupa ńláńlá. Mo gbé e mọ́ àyà, inú mi dùn débi pé n kò wò ó dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló kàn mí díẹ̀. Ojú náà jọ ti Àlàní, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Mo ní bóyá bí ìwé títẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Èmi àti Sìkírátù gbé e lọ sábẹ́ igi ní èbúté. Bàbá mi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, Bàbá Wàsíù. Bàbá Wàsíù ló kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n nà án jìnnà sí ojú, wọ́n fà á mọ́ra. Ẹ̀rín tó wà lójú wọn sá.

"Akíntọ́lá," ni wọ́n wí, "ta ló kú?"

"Ibo?"

"Nílé rẹ. Ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá túfọ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i. Ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ òsì ló gbé sókè gbọnrangandan sí Ọ̀jọ́, pẹ̀lú àgbọ̀n tó gbé sókè, pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀ lẹ́nu. Ní èbúté wa, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń gbé òsì sókè látorí omi, ẹni tó bá gbé òkú ọmọ ìlú bọ̀ wálé ni. Bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, àwọn obìnrin á ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

Bàbá mi kò pariwo. Wọ́n fi ìka méjì mú páálí náà, wọ́n dá a padà fún Sìkírátù.

"Gbé e fún ẹni tó ni ín. Sọ fún un pé a ti gba iṣẹ́ tó rán sí wa. Ṣùgbọ́n kò sí òkú níbí, kò sì sí ìyàwó níbí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ti sọ̀rọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ sídìí ọkọ̀ wọn. Wọn kò wo ẹ̀yìn. Wọn kò wò mí.

*

Mo bẹ Sìkírátù kó fi páálí náà sílẹ̀ fún mi di ọjọ́ kejì. Ìyá mi kò bá mi wí, èyí sì burú ju ìbáwí lọ. Ara mi kò balẹ̀. Èmi ni mo sọ àṣà wa fún Àlàní. Ṣé ó fi ṣeré ni? Ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ní kó fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, nítorí orúkọ alágbe tí wọ́n pè é? Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún. Àbí ìfẹ́ ló ń bá mi ríran?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, mo gbé páálí lé itan. Mo ní n ó wò ó títí yóò fi jẹ́wọ́. Mo wo ọwọ́, mo wo gìtá, mo wo omi. Mo wá dé ara ọkọ̀. Ohun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ, ó kéré, òjìji bò ó díẹ̀. Ojú tó ti mọ ìwé kì í rí lẹ́tà kó kọjá. Mo gbìyànjú láti kà á, kò ṣeé kà. Mo ní bóyá èdè àwọn òyìnbó tó tẹ̀ ẹ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀! Mo wá L, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wá R, òun náà kọ ẹ̀yìn sí mi. Gbogbo SÙÚRÙ LÈRÈ ló kọjú sí ibòmíràn, bí ènìyàn tó ń bínú.

Mo wo ojú Àlàní. Àpá náà wà lábẹ́ ojú ọ̀tún.

Mo sáré wọlé, mo já dígí ìyá mi lára ògiri.

"Ọmọ́yẹlé, kí ló dé? Dígí mi o!"

"Ìyá mi, ẹ wá wò ó!"

Mo gbé páálí síwájú dígí. Nínú dígí, Àlàní gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Àpá rẹ̀ padà sábẹ́ ojú òsì. SÙÚRÙ LÈRÈ wá ṣeé kà ketekete. Orúkọ pupa òkè páálí nìkan ló wá kọ ẹ̀yìn sí wa, nítorí wọ́n ti tẹ ìyẹn lé e lórí bó ṣe yẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé fíìmù sódì.

Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n yí ọmọ ọlọ́mọ padà!"

Ìyá mi fúnra wọn ló gbé dígí náà lọ bá bàbá mi níbi tí wọ́n ti ń fá àjẹ̀ tuntun. Èmi gbé páálí tẹ̀lé wọn. Bàbá mi kò fẹ́ wò ó.

"Mo ti sọ̀rọ̀ lánàá."

"Òun ni mo ń bá ọ sọ, Akíntọ́lá," ni ìyá mi wí. N kò gbọ́ rí kí wọ́n dárúkọ bàbá mi. "Ìwọ lo ń kọ́ gbogbo èbúté pé kí wọ́n wo ọkọ̀ kí wọ́n tó pè é. Wò ó."

Bàbá mi gbé àjẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wò ó. Mo fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo kà á fún wọn láti ara páálí, mo tún kà á láti inú dígí. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí i pé ọ̀gbẹ́ tó wà nímú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni, bàbá. Wọn kò mọ̀ pé ọwọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì."

Wọ́n dá dígí padà fún ìyá mi. "Ọmọkùnrin náà kò ṣẹ̀ mí," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilé mélòó lo máa gbé dígí yìí dé? Lójú gbogbo ẹni tó bá ra àwo yẹn, òkú ló ń gbé bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Bó bá lè tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe lójú ayé, kó wá. Bí kò bá lè tún un ṣe, mi ò lè fi ọmọ mi sínú ọkọ̀ yẹn."

*

Nígbà tí Àlàní ti Àgbádárìgì dé, tó sì rí páálí náà ní ìsọ̀, ó ní, "Ta lèyí?" Lẹ́yìn tí Sìkírátù rò ó fún un, kò jókòó. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wo ọwọ́? Orin ni wọ́n ń rà."

"Ẹ̀yin lẹ ní àwòrán ni yóò tà á."

"Àwọn ará abúlé yín nìkan ló mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀."

"Àwọn gan-an ni mo gbé ọwọ́ sí," ni Àlàní dáhùn.

Akọ̀wé ní kò ṣeé ṣe. Àlàní bá gbé gìtá rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn tó máa kọrin sí àwo tó kàn, òun kò ní jẹ́ kí wọ́n tún gbé òun sódì. Ó ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí ọ̀gá àgbà tó sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Ọ̀gá náà gbé páálí, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó ń wò wọ́n. Ó ní kí wọ́n dá èyí tó kù dúró. Ó ní wọ́n á yí fíìmù padà, wọ́n á tún un tẹ̀.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, wọ́n mi orí. "Kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n yí. Ohun tí wọ́n yí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè yí i lẹ́ẹ̀kejì. Kí wọ́n wá ya òmíràn. Lójú mi."

*

Ilé iṣẹ́ àwo gbà. Bàbá mi jí kí àkùkọ tó kọ lọ́jọ́ tí Wàhábì ń bọ̀ wá ya òmíràn. Wọ́n wọ ṣòkòtò àrán àti fìlà tí wọ́n fi ń lọ síwájú Ọlọ́jọ, ọba ìlú wa. Ìyá mi bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ kí, wọ́n ní wọ́n kàn fẹ́ lọ wo iṣẹ́ ni.

Gbogbo èbúté ló pé. Àlàní wà nínú ọkọ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti bàbá mi máa sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Kò lè dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀, ó tẹrí ba títí gìtá fi kan orúnkún rẹ̀. Bàbá mi wo àpá ojú rẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ìwọ, kọjú sí ibí," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe báyẹn. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé kì í na ẹsẹ̀ bí ọlọ́pàá."

"Bàbá," ni Wàhábì wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn. Ẹ ti wọ inú fọ́tò."

"Ibi tí mo ti máa ń dúró láti ogójì ọdún nìyí. Ta ló wá bọ́ sí ibi ẹnìkejì?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wàhábì fa aṣọ dúdú kúrò lórí, ó wò mí. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá. Nígbà yìí n kò sọ ọ́ sétí Sìkírátù. Mo sọ ọ́ jáde níwájú gbogbo wọn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, bùọ̀dá Wàhábì. Ẹni tó bá gbé ọwọ́ sókè, ó yẹ kí a rí ẹni tó ń kí."

Bàbá mi yíjú wò mí. Ó pẹ́ tí wọ́n fi wò mí. Lẹ́yìn náà wọ́n tún fìlà wọn ṣe.

Àlàní gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Bàbá mi gbé tiwọn dáhùn. Wàhábì tẹ kámẹ́rà, gbogbo èbúté hó yè.

Wàhábì mú ìwé kékeré àti lẹ́ẹ̀dì jáde. Ó ní wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wà nínú àwòrán sí ẹ̀yìn páálí. "Bàbá, Akíntọ́lá lorúkọ yín, àbí? Kí ni kí n ní ẹ jẹ́ sí akọrin? Olórí èbúté?"

"Kì í ṣe èbúté ni wọ́n máa gbé kiri ilé àwọn ènìyàn, ojú mi ni," ni bàbá mi wí. Wọ́n gbé àgbọ̀n sókè. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Lẹ́ẹ̀dì Wàhábì dúró. Sìkírátù di apá mi mú títí ó fi dùn mí. Àlàní gbàgbé pé orí omi lòun wà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọkọ̀ náà fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, àwọn obìnrin kígbe, gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ somi. Bàbá mi bọ́ sínú ọ̀sà dé orúnkún pẹ̀lú ṣòkòtò àrán wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀ títí ó fi dúró jẹ́ẹ́.